Ta ni ìtẹ́ náà tọ́ sí gan-an? Àlàyé House of the Dragon fún ẹni tí orúkọ inú rẹ̀ ti dàrú mọ́ lọ́wọ́

Ìyá mi kékeré ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yìí, nílé wọn ní Òkèyìnmi, Adó-Èkìtì. Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀gúsí lé itan, wọ́n ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn sì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Aegon kan ti kú tipẹ́, Aegon kan ń jọba, Aegon kan tún ń rìn tàgétàgé nílẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ni?"

Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, títí dórí ẹni tó ń gẹrun fún mi ní Ìjigbò, ni wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an. Mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó pa á tì sí ìpín kejì nítorí pé kò mọ ẹni tó ń bá ẹni jà. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn. Bí ẹ kò bá tíì wò ó, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, ẹ lọ wò ó ná kí ẹ tó padà wá, torí n kò ní fi nǹkan kan pamọ́.

Irú eré wo ni?

Eré àròsọ orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Westeros, kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀ ayé. Ó ní ọba, odi, ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní dírágónì, ìyẹn ẹranko ńlá abìyẹ́ tó ń fò, tó ń tu iná lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Ìfihàn nínú Bíbélì Yorùbá ti pàdé orúkọ ẹranko náà rí.

HBO ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde, inú ìwé tí George R. R. Martin tẹ̀ jáde lọ́dún 2018 ni wọ́n sì ti mú ìtàn rẹ̀. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó ní ìpín 10. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó ní ìpín 8. Ìpín ni èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn ló ń jẹ́ apá.

Ọ̀pọ̀ yín ti wo Game of Thrones, èyí tó parí lọ́dún 2019. Ìtàn àwọn baba ńlá àwọn tó wà nínú ìyẹn ni èyí. Ó fi nǹkan bí ọdún 172 ṣáájú ìgbà tí wọ́n bí Daenerys, ọmọ Targaryen tó wà nínú ìyẹn, nítorí náà ẹ má wá Jon Snow níbẹ̀.

Kí ló dé tí orúkọ wọn jọra tó bẹ́ẹ̀?

Ìdílé kan ṣoṣo ni, ìdílé Targaryen. Àwa náà sì ń ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ Adéyẹmí, Adéjùwọ̀n, Adélabú, ọkàn yín á ti lọ síbi adé. Bí ẹ bá gbọ́ Àyàn, ẹ ti mọ̀ pé onílù ni wọ́n nílé yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni "Ae" àti "Rhae" ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn: Aegon, Aemond, Aemma, Rhaenyra, Rhaenys, Rhaena. Wọ́n tún máa ń fi orúkọ baba ńlá sọ ọmọ, orúkọ kan á sì máa yí po láàárín ilé.

Ọgbọ́n tí mo kọ́ ìyá mi kékeré ni pé kí wọ́n má ṣe di orúkọ mú. Ìyá ni kí wọ́n dì mú. Ìyàwó méjì ni Ọba Viserys, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, fẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn ikú èkejì. Aemma ni ti àkọ́kọ́, Rhaenyra nìkan sì ni ọmọ tó yè fún un. Alicent ni wọ́n fẹ́ tẹ̀lé e, òun ló bí Aegon, Helaena, Aemond àti Daeron. Ọbàkan ni Rhaenyra àti àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ilé olórogún mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ní láti là á yé yín. Ohun tó mú tiwọn le jù ni pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni Rhaenyra àti Alicent nígbà ọmọge. Ní ìpín kìíní, ẹ ó rí i tí Rhaenyra gbé orí lé itan Alicent lábẹ́ igi, tí ìyẹn ń kàwé fún un. Bàbá ọmọ tó gbórí lé itan Alicent yìí ló padà wá fẹ́ Alicent.

Ohun mìíràn tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé láti ìpín kẹfà, ọdún 10 ti kọjá lójijì, wọ́n sì ti pààrọ̀ òṣèré. Milly Alcock ló ṣe Rhaenyra ní kékeré, Emma D'Arcy ló ṣe é nígbà tó dàgbà. Emily Carey àti Olivia Cooke ló pín Alicent láàárín ara wọn. Ẹni kan náà ni, ojú ló yàtọ̀.

Wọ́n tún ń fẹ́ ara wọn nínú ìdílé yìí. Aegon fẹ́ Helaena àbúrò rẹ̀, Rhaenyra fẹ́ Daemon, àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì bí Aegon tó ń rìn tàgétàgé yẹn fún un. Èèwọ̀ ńlá ni lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ará Westeros náà sì kórìíra rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn Targaryen ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ló jẹ́ kí dírágónì gbà kí àwọn gùn ún, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ta ni ìtẹ́ tọ́ sí?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí Viserys tó jọba, bàbá bàbá rẹ̀, Jaehaerys, ti darúgbó, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì ti kú. Wọ́n pe ìgbìmọ̀ ńlá sí odi kan tó ń jẹ́ Harrenhal, àwọn olóyè tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló lọ. Ẹni 14 ló jáde pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtẹ́, ṣùgbọ́n méjì péré ni wọ́n kà sí: Rhaenys, obìnrin tó jẹ́ àgbà nínú gbogbo ọmọ-ọmọ ọba, àti Viserys, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n fi àgbà sílẹ̀, wọ́n mú ọkùnrin. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Rhaenys ní ọbabìnrin tí kò jọba.

Viserys tí wọ́n tìtorí ọkùnrin mú yìí, òun náà ló wá yan ọmọbìnrin. Ìrora ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí Aemma ń rọbí tí ọmọ kò wá, ọba gbà kí wọ́n la ikùn rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í, torí kó lè ní ọmọkùnrin. Aemma kú sórí ibùsùn, ọmọ náà kò sì ju ọjọ́ kan lọ. Ọba tí ẹ̀rí ọkàn ń dá lóró pe àwọn olóyè jọ, ó ní Rhaenyra ni yóò jókòó lẹ́yìn òun. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì búra.

Ibí yìí ni ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì ti máa tètè gbọ́ ọ yé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe Adélé. Á múra bí ọkùnrin, á wọ agbádá, á dé fìlà, ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rí ọ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sì tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ tán tí àwọn bàbá arúgbó fi ṣí fìlà, tí wọ́n ń kí i ní Kábíyèsí. Ó dà bíi pé kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀, òun gan-an sì mọ̀, pé ìgbà díẹ̀ ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìdí tí wọ́n fi ń fi obìnrin síbẹ̀ ni pé kò ní fẹ́ jókòó pa sórí ìtẹ́. Nígbà tí àwọn afọbajẹ bá ti mú ọmọ oyè láti ilé tó kàn, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i, Adélé á bọ́ aṣọ ọkùnrin sílẹ̀, á máa lọ sílé rẹ̀.

Viserys kò fi Rhaenyra ṣe Adélé. Kò ní kó bá òun tọ́jú ìtẹ́ de ẹnikẹ́ni; ó ní tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú Adélé ni àwọn olóyè tó ń kúnlẹ̀ yẹn fi ń wò ó. Nínú ọkàn wọn, ó ń bá wọn dì í mú títí ọba yóò fi bí ọkùnrin ni. Nígbà tí Alicent wá bí Aegon, wọ́n gbà pé ẹni tí wọ́n ń retí ti dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọba ń sọ ohun kan, àṣà tí Harrenhal ti fi lélẹ̀ ń sọ òmíràn.

Lójú tèmi, Rhaenyra ló ni ín, nítorí pé ìbúra ni ìbúra. Ṣùgbọ́n Viserys ni mo máa ń bá wí. Ó jẹ́ kí wọ́n búra tán, ó lọ fẹ́ ìyàwó, ó bí ọkùnrin, ó sì wá sọ ọmọ náà ní Aegon, orúkọ ẹni tó fi iná dírágónì ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n fi idà àwọn ọ̀tá rẹ̀ rọ ìtẹ́ tí gbogbo wọn ń jà sí. Orúkọ ọba ni ó sọ ọmọ tí kò fẹ́ kó jọba. Ó tún lo bí ọdún 20 lẹ́yìn náà láìpe àwọn olóyè jọ kí wọ́n tún ìbúra náà ṣe. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó fẹ́ràn kí gbogbo ilé jọ jẹun pọ̀. Kò kàn lè bá ẹnikẹ́ni wí.

Rhaenyra náà sì fún àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ohun tí wọn yóò máa sọ. Irun funfun bíi fàdákà ni ti àwọn Targaryen, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣáájú Daemon, àwọn Velaryon. Irun dúdú ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta bá wáyé, bíi ti ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kan báyìí tó ń jẹ́ Harwin Strong. Gbogbo ààfin rí i. Ẹni tó bá sọ ọ́ jáde ló ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu.

Kí ni àwọ̀ ewé àti dúdú tí wọ́n ń sọ?

Èyí kò le. Níbi àsè ìgbéyàwó àkọ́kọ́ Rhaenyra, Alicent wọlé ní àárín ọ̀rọ̀ ọba pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ iná tí wọ́n ń tàn lórí ilé ìṣọ́ ìdílé bàbá rẹ̀ nìyẹn bí wọ́n bá ń pe ọmọ ogun jọ. Láti ìgbà náà, àwọn tó wà lẹ́yìn Alicent àti Aegon ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwọn tó wà lẹ́yìn Rhaenyra ni ẹgbẹ́ dúdú, torí dúdú ni àwọ̀ àsíá ìdílé Targaryen tí dírágónì pupa wà lórí rẹ̀. Ẹ tún máa gbọ́ "Ọwọ́ Ọba": olórí ìjòyè ni, ẹni tó ń bá ọba ṣe ìjọba. Otto, bàbá Alicent, ló wà ní ipò náà, òun ló sì rán ọmọ rẹ̀ lọ máa tu ọba nínú lẹ́yìn ikú Aemma. Ẹ má gbàgbé ọkùnrin náà.

Aegon wo ni ọba ń sọ?

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì nìyí. Bí ẹ kò bá mú èyí, gbogbo ogun náà á dà bí ìjà lásán lójú yín.

Ìpín kẹjọ apá kìíní ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, Viserys wọlé. Àìsàn ti jẹ ẹ́ lára tán, ìbòjú wúrà bo ìlàjì ojú rẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó fẹ́ lọ jókòó sórí ìtẹ́ kó lè gbèjà ọmọ Rhaenyra níwájú àwọn tó fẹ́ gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn. Ẹ ó máa gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn, adé yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀, ó dún lórí òkúta. Ọwọ́ kan wá láti ẹ̀yìn láti dì í mú, ó ní òun kò fẹ́. Nígbà tó yíjú padà, Daemon ni, àbúrò rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti lé kúrò láàfin rí, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́ adé yẹn fún ara rẹ̀. Daemon mú un dé orí ìtẹ́, ó mú adé náà, ó sì fi í dé e lórí.

Ọwọ́ ìyá mi kékeré dúró lórí ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Ọmọ ìyá ni wọ́n." Ọmọ ìyá sì ni wọ́n lóòótọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ẹ rántí pé nígbà tí Rhaenyra ṣì wà ní ọmọge, bàbá rẹ̀ sọ àṣírí kan fún un: Aegon àkọ́kọ́, èyí tó ṣẹ́gun, lá àlá pé òtútù àti òkùnkùn ńlá kan yóò ti àríwá wá pa ayé run, àfi bí ẹnì kan nínú ìran rẹ̀ bá kó gbogbo ilẹ̀ jọ. Ọba sí ọba ni àṣírí yìí ti ń rìn. Ní alẹ́ yìí, Viserys ń kú lọ, oògùn ìrora ti gba orí rẹ̀, Alicent ló jókòó tì í, ó sì rò pé Rhaenyra ni. Ó ń dáhùn ìbéèrè tí ọmọ rẹ̀ ti bi í. Ó dárúkọ Aegon, ó dárúkọ àlá, ó sọ̀rọ̀ ọmọ ọba tí a ṣèlérí, ìyẹn ẹni inú àlá náà, ó ní, ìwọ ni, ìwọ lo gbọ́dọ̀ ṣe é.

Alicent kò gbọ́ nípa àlá kankan rí. Aegon kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ọmọ tó bí. Ó gbà pé ọkọ òun ti yí ọ̀rọ̀ padà kó tó kú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní òpùrọ́. N kò gbà. Otto àti àwọn ìgbìmọ̀ ti ń gbìmọ̀ tiwọn ní ìkọ̀kọ̀ tipẹ́, wọn ì bá fi Aegon jọba bí ọba sọ̀rọ̀ bí kò sọ. Ṣùgbọ́n Alicent gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dùn mí nìyẹn.

Ṣé dírágónì ń gbọ́ràn sí ẹni tó gùn ún lẹ́nu?

Dé ìwọ̀n kan. Ní Èkìtì, a mọ ohun tí ohun ìjà tuntun lè sọ ogun dà: nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, ìbọn tí àwọn ọmọ wa ní Èkó rán wá sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Èkìtì Parapọ̀ lè dúró de Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìbọn kò ní inú. Dírágónì ní.

Ìpín tó parí apá kìíní ló fi èyí hàn. Rhaenyra rán Lucerys, ọmọ rẹ̀ kékeré, lọ sọ́dọ̀ olóyè kan tó ń jẹ́ Borros Baratheon kó lọ rán an létí ìbúra tí bàbá Borros ṣe. Bàbá ti kú, ọmọ kò ka ìbúra náà sí. Aemond ti débẹ̀ ṣáájú. Lucerys ló fọ́ ojú kan fún Aemond nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìyẹn sì fẹ́ gbẹ̀san, ó kéré tán kó dẹ́rù bà á. Ó gun Vhagar tẹ̀ lé e lójú òjò. Vhagar ni dírágónì tó tóbi jù láyé nígbà náà, ó ti jagun láti ìgbà Aegon aṣẹ́gun. Dírágónì kékeré tí Lucerys gùn bẹ̀rù, ó tutọ́ iná sí Vhagar lójú, Lucerys ń pariwo kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Vhagar bínú. Aemond náà ń kígbe pé rárá, ṣùgbọ́n Vhagar ti ya ọmọ náà àti dírágónì rẹ̀ sí méjì. Ẹ wo ojú Aemond lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń pè é ní apààyàn tó mọ̀ọ́mọ̀ pa á kò wo ojú yẹn dáadáa.

Ta ni èèyàn dáadáa nínú wọn?

Rhaenys. N kò ní láti ronú. Òun ni wọ́n fi ìtẹ́ dù kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, òun ló sì mọ̀ jù lọ bí ó ṣe ń dun obìnrin, síbẹ̀ kò jẹ́ kó sọ òun di ìkà. Nígbà tí wọ́n ń dé Aegon ládé, ó fi dírágónì rẹ̀, Meleys, fọ́ ilẹ̀ jáde láàárín wọn. Ó lè sun gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú kan kí ogun má wáyé. Ó wo Alicent tó dúró bo ọmọ rẹ̀, ó yíjú padà, ó lọ. Ọ̀pọ̀ ló bínú sí i. Èmi kò bínú. Ìyá ló rí níwájú rẹ̀. Ní ìpín kẹrin apá kejì, Aegon àti Aemond dojú kọ ọ́ lójú òfuurufú ní odi Rook's Rest. Ó lè sá, ó sì yí Meleys padà sínú ìjà. Ibẹ̀ ló kú sí. N kò lè wo ìpín karùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta.

Daemon dùn wò, ṣùgbọ́n n kò lè fọkàn tán an. Aegon, ọmọ Alicent, kò bẹ̀bẹ̀ fún adé. Ṣe ni wọ́n wá a lọ nígbà tó sá pamọ́. Helaena ni mo máa ń ṣàánú fún jù. Nínú ẹ̀san ikú Lucerys, wọ́n pa ọmọkùnrin rẹ̀ tí ń sùn, ó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n ní kó tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ọkùnrin nínú ìbejì rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé apá kejì kò dé ibì kankan?

Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó parí nígbà tí ogun ńlá ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbà pé ó fà níbi tí Daemon ti ń lá àlá ní Harrenhal. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ti fo ìpín kẹta.

Nínú rẹ̀, Rhaenyra múra bí obìnrin ìjọ, ó yọ́ wọ ìlú ọ̀tá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alicent níbi tó ti ń gbàdúrà láàárín àbẹ́là. Ó bi í ohun tí bàbá òun sọ kó tó kú. Alicent ní ó dárúkọ Aegon, ó dárúkọ ọmọ ọba tí a ṣèlérí. Rhaenyra dákẹ́. Ó bi í bóyá ó sọ nípa àlá, ó sì ṣàlàyé pé Aegon aṣẹ́gun ni, kì í ṣe ọmọ Alicent. Alicent ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó tún ní ó ti pẹ́ jù.

Ìyá mi kékeré gbé àtẹ kúrò lórí itan wọn, wọ́n sì sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ó ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Wo ojú ẹ̀. Ó ti mọ̀."